Máńgòrò Tí Onígi Kò Lè Ká

Ọkùnrin kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ká máńgòrò kí oòrùn tó dé àtàrí, tí kò sì lè fọwọ́ kan igi tí òun fúnra rẹ̀ gbìn. Baba ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òun ti wọkọ̀, òun ń bọ̀ wá jẹ àkọ́so.

Baba yìí gan-an ló fún un ní igi náà. Lọ́jọ́ tí ó fa ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó fi ọ̀dọ́ igi máńgòrò inú ike kan tẹ̀ lé e, ó ní, "Lọ́jọ́ tí èyí bá so, n óò wá jẹ níbẹ̀. Ìgbà náà ni n óò mọ̀ bóyá o mọ nǹkan tọ́jú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin yìí lára. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé, ó da ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sí i, ó fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kànga wọ́n, ìdajì omi ìwẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bù sí ìdí igi, á wá fi èyí tó kù fọ ojú àti abíyá. Lọ́dún kẹrin, igi náà so wọ̀ǹtìwọnti.

Ìgbà tó so tán ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá ló ń jọ olè lójú rẹ̀. Ló bá pa àálè sí i: àjókù ìgbálẹ̀, bàtà gbígbó kan, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa. Ó pe àdúgbò jọ, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan èso igi yìí, kí ikùn rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, nítorí pé nígbà àkọ́kọ́, àwọn kan ò tíì jáde nínú ilé.

Ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ láti ẹ̀yìn. "Bàbá Mojírádé, àwa ńkọ́?"

"Mo ní ẹnikẹ́ni." Ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Máńgòrò pọ́n. Olè ò dé, ọmọdé ò dé. Èyí tó bá já bọ́, ewúrẹ́ ìyá onídìrí tó wà lójúlé kejì ló ń jẹ ẹ́. Ọgbà ẹ̀gún ti jẹrà, ewúrẹ́ ò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa àálè.

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀la baba ń bọ̀, baba ti ń bọ̀ lónìí. Ọkùnrin yìí kọ́kọ́ fẹ́ yọ́ tú àálè náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣe pariwo pa á náà ló gbọ́dọ̀ ṣe pariwo tú u. Bó bá sì pariwo, àdúgbò á ya wọlé, ẹyọ kan ò ní kù fún àna. Ó mú ọ̀pá gígùn, ó ní ọ̀pá kì í ṣe ọwọ́. Ọ̀pá já mẹ́ta bọ́. Wọ́n wà nílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó bẹ ìyá onídìrí kó bá òun ṣà wọ́n.

Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára orí tó ń dì. "Bàbá Mojírádé, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sọ ọ́. Ọmọ márùn-ún ni mo ti bí. Mi ò fẹ́ kí ọkọ mi rò pé mo tún lóyún."

Ewúrẹ́ gbé ọ̀kan. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń fi ọ̀pá lé e kiri ni àna rẹ̀ wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ tọ̀pá-tọ̀pá, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà nu ojú.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "pariwo."

Ó pariwo. Wọ́n jáde. Ó ní òun ti tú u, kí ó bá ẹni tó bá jẹ ẹ́ lára mu. Ẹnìkan ò mira. Ìyá onídìrí ní kí onígi kọ́kọ́ jẹ ná. Ó ká ọ̀kan, ó gé e jẹ, gbogbo ojú sì lọ síbi ikùn rẹ̀. Ikùn náà sì ti tóbi tipẹ́, èyí ló jẹ́ kó ṣòroó dájọ́. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ tó mọ ikùn náà jù wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Bó ṣe wà lánàá náà ló wà."

Ni wọ́n bá ya bo igi. Baba wà láàárín wọn, ó jẹ mẹ́rin lóòró, omi rẹ̀ ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní, "Ó mọ nǹkan tọ́jú lóòótọ́. Jíjẹ rẹ̀ ló kù kí o kọ́ ọ."

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, ohun tí o ń pa mọ́ fún olè, wò ó dáadáa bóyá o ò ti pa á mọ́ fún ara rẹ. Mi ò ní kó o ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àga tí o rà nítorí àlejò, tí ọmọ ò gbọdọ̀ jókòó sí, tí ọkọ ò gbọdọ̀ jókòó sí, àlejò wo lò ń dè? Ìyá rẹ wá lóṣù tó kọjá, ẹní lo tẹ́ fún un. Àga mẹ́rin ló wà ní pálọ̀ rẹ, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn, orí àpótí ìdáná lèmi àtìwọ sì jókòó sí báyìí.