Ọ̀gá Síkáòtù àti Ọmọ Tó Sọnù Lórí Àpáta

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ Síkáòtù ní ìlú kan tí òkè yí ká. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tọmọdé tọ̀dọ́ máa ń kóra jọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn, bí wọ́n ṣe ń pàgọ́, àti bí wọ́n ṣe ń di ojú ọgbẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ṣe é, òbí kankan kò sì tìtorí rẹ̀ sunkún rí. Bí ìyá kan bá ń ṣiyèméjì, àwọn ará àdúgbò á ní, "Ṣé ọ̀gá yìí ló fẹ́ kó wọn lọ? Fọkàn balẹ̀." Ọkùnrin náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lásìkò ọlidé kan, ó kó ọmọ mọ́kànlélógún lọ sórí àpáta ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Igbákejì rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ tíṣà, bá wọn lọ. Wọ́n dáná, wọ́n jẹun, wọ́n ṣeré. Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdí àpáta, igbákejì ka àwọn ọmọ. Ó tún wọn kà. Ogún ni.

Ìbídùn ni kò sí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹnì kan nínú wọn ní ó sọ pé òun fẹ́ padà lọ mú fìlà òun.

Ọ̀gá bi í pé, "Ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, sà."

Ọ̀gá sáré gun àpáta náà padà. Ó fọn fèrè, ó pe orúkọ ọmọ náà títí, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dún. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti bò ó.

Igbákejì ní, "Ọ̀gá, abúlé kan rèé nítòsí. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ ké sí wọn."

"Rárá o. Bí abúlé bá gbọ́, ìlú á gbọ́. Kó àwọn tó kù lọ sábẹ́ igi yẹn. Màá wá a rí fúnra mi."

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Mo ní má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó tún gbéra. Bó ṣe ń rìn ló ń to ohun tí yóò sọ fún ìlú pọ̀ lọ́kàn. Ìyá àgbà kan tó ru igi ìdáná pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrìn o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan kan, ìyá. A wá gba afẹ́fẹ́ ni."

Ìyá náà wò ó lójú, ó sì kọjá lọ.

Wákàtí méjì kọjá. Òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ibi tó ti ń fa ara rẹ̀ gba àárín òkúta méjì ló ti dédé dúró. Ó rí i pé orúkọ ara òun lòun ti ń rò láti ìgbà yìí wá, òun kò ro ti ọmọ náà mọ́. Ó sáré gba abúlé lọ.

"Ẹ gbà mí o! Ọmọ ọlọ́mọ sọnù mọ́ mi lọ́wọ́!"

Àwọn àgbẹ̀ sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ìyá onígi yẹn já àárín wọn kọjá.

"Ọmọ kẹ̀? Mo gbọ́ igbe ọmọ kan lápá ibi tí mo ti ń ṣẹ́gi. Mo ṣe bí eré ni wọ́n ń ṣe, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí."

Ìyá náà ló mú wọn débẹ̀. Ìbídùn há sínú ihò kan láàárín àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, ohùn rẹ̀ sì ti há pátápátá nítorí igbe. Omi òjò ti ń ṣàn wọ ihò náà, ó ti mù ún dé àyà. Wọ́n fi okùn fà á jáde láàyè.

Ọ̀gá gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Obìnrin náà kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: "Ẹ ti mọ̀ láti wákàtí méjì?"

Ìwọ tí mo torí rẹ sọ èyí, ọmọ rẹ kò sùn sílé láti ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ará ilé kejì béèrè rẹ̀ lánàá, o rẹ́rìn-ín, o ní ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ. O ń ṣọ́ orúkọ ilé rẹ. Ta ló ń bá ọ ṣọ́ ọmọ náà? Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí o ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún ti rí ọmọ náà níbì kan, kí wọ́n rò pé ìwọ lo rán an. Dìde nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ sọ fún wọn pé o ń wá ọmọ rẹ.