Ọkùnrin Tó Jẹ́ Ẹ̀jẹ́ Láti Pọn Ọmọ Gun Òkè

Ọkùnrin kan wà, bíríkìlà ni, àwọn bíríkìlà ìlú rẹ̀ ló sì fi í ṣe alága. Alága ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyá olóúnjẹ tó ń bu ìrẹsì fún un. Èèyàn gìrìwò ni. Tó bá gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká, bí ẹni gbé ìrọ̀rí ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ. Lọ́dún kẹsàn-án, ó dìde láàárín ìsìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní, "Olúwa, tí O bá fún wa lọ́mọ, èmi fúnra mi ni màá pọ̀n ọ́n lẹ́yìn gun òkè àdúrà, kó tó mọ ìrìn." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹni tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì, kí ni ẹnu rẹ̀ ò lè sọ? Ọlọ́run gbọ́, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Mofìyìn.

Ìgbà tí ọmọ dé tán ni alága rántí pé ẹyin lohùn. Àwa ọkùnrin ilẹ̀ yìí, a lè gbé ọmọ jó, a lè gbé e kọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ níta gbangba, kí wọ́n fi ọ̀já so ọmọ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìyálọ́mọ? Háà! Alága fẹ́ san ẹ̀jẹ́ o, àmọ́ ojú ń tì í.

Kò sọ pé òun ò lọ. Ó ní òun ń múra. Òkè yẹn ga lóòótọ́, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe òkè tí èèyàn ń fi ẹnu gùn. Ó ra bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Láràárọ̀, á gbé ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká, á gun òkè ẹ̀yìn ilé ìwé lọ, á sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó sinmi, ó gba ti ọjọ́ méje. Ó dúró kí òjò dá, ó tún dúró kí ọyẹ́ lọ. Gbogbo ìmúra wọ̀nyẹn ló dára, mi ò bú u. Ọ̀já nìkan ni kò fi dánra wò rí.

Ọmọ ò kúkú dúró dè é. Ó jókòó, ó rá. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ̀ bá a níbi tó ti di àga mú, tó nàró, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá sáré lọ pe ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mofìyìn, ẹ wá wo ọmọ yín. Tó bá fi àga yìí sílẹ̀ lọ́la, kí lẹ fẹ́ wí fún Ọlọ́run?" Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti wà ní ìdí òkè.

Àmọ́ ìròyìn ti tàn. Méjìlá nínú àwọn bíríkìlà ló sìn ín lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Alága wo ojú wọn, ó gbé ọmọ sáyà, ó ní apá òun tó o. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó ti so ọ̀já mọ́ ìdí ara rẹ̀ láti ilé.

Ìdajì ọ̀nà rọrùn. Bàtà di ilẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ò gbọ̀n. Wọ́n wá dé ibi tí wọ́n ń pè ní Fọwọ́tilẹ̀. Àpáta gbalasa ni, kò sí igi, kò sí okùn, tọwọ́tẹsẹ̀ ni tèwetàgbà fi ń gùn ún. Àwọn ìyálọ́mọ di àpáta mú, ọmọ wọn wà lẹ́yìn, wọ́n ń lọ. Alága ò ní ọwọ́ tó ṣẹ́ kù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ni ẹsẹ̀ bá yọ̀. Ó fi orúnkún gúnlẹ̀, ó ṣubú lé ìgúnpá, díẹ̀ báyìí ló kù kí orí ọmọ gbá àpáta. Ọmọ fi igbe ta.

Ìyá arúgbó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ dúró lórí rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ọwọ́ méjèèjì ni òkè yìí ń gbà. Pọn ọmọ rẹ."

Alága ní, "Ìyá, ẹ ò mọ̀ mí ni. Alága ẹgbẹ́ bíríkìlà ni mí."

"O kú oyè. Sọ fún àpáta yẹn kó gbọ́." Ìyá bá tirẹ̀ lọ.

Alága jókòó síbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn méjìlá yẹn. Ó wo ọmọ tó fi ọdún mẹ́sàn-án tọrọ, ó rí i pé nítorí kójú má ba à ti òun, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tílẹ̀ ti tẹ́jú, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Gbé e sí mi lẹ́yìn."

Ìyàwó tú ọ̀já nídìí, ó so ó dan-in dan-in. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà pariwo, "Yé è! Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu o!" Gbogbo òkè bú sẹ́rìn-ín.

Má jẹ̀ẹ́ kí oníwàásù kankan tàn ọ́ pé ìtìjú náà fò lọ. Kò lọ síbì kankan. Ojú ń tì í, etí rẹ̀ gbóná, ó sì ń gùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ń gùn. Kó tó la Fọwọ́tilẹ̀ kọjá, ọmọ ti sùn fọnfọn, itọ́ rẹ̀ ń kán sí i lọ́rùn. Nígbà tó dé ṣóńṣó òkè, àdúrà tó ti kọ́ sórí ò jáde mọ́. Ẹkún ló sun.

Ó dáa. Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ti wá bá mi fún ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ. O gba ààwẹ̀. O fi iṣu ránṣẹ́ sí i, o fi aṣọ ránṣẹ́. O tún ní kí n pè é wá sí yàrá mi níbí, kí o lè bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mo kí ọ, o múra. Ṣùgbọ́n ṣé kọ̀rọ̀ lo ti bú u? Lójú gbogbo ẹbí, lọ́jọ́ tí ẹ sin bàbá yín, lo ti dìde tí o ní kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ. O purọ́, o sì mọ̀ pé o purọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọ agboolé yín mọ́. Ìyá tó bí i ṣì ń gbé níbẹ̀, àárín àwọn tó gbọ́ irọ́ yẹn ló ti ń jẹun lójoojúmọ́. Ẹ̀bẹ̀ kọ̀rọ̀ ò lè tú irọ́ gbangba.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ẹbí yín. Lọ síbẹ̀. Dìde, kí o sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé, "Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ọmọ bàbá mi ni." Ojú á tì ọ́. Kó máa tì ọ́, kí o sì máa sọ ọ́ lọ. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti ń fi àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín.