Àwẹ̀ró àti Afárá Òkè-Amọ̀

Ní Òkè-Amọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá nìkan pinnu ohun tí ó kan gbogbo ènìyàn, àwọn àgbà a máa wí fún un pé: "Bi Àwẹ̀ró kí o tó wọn afárá." Àlejò tí ó bá gbọ́ ọ yóò ṣe kàyéfì, nítorí Àwẹ̀ró kì í ṣe káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bíríkìlà. Amọ̀kòkò ni. Kí ni ó kan amọ̀kòkò nínú ìwọ̀n afárá?

Odò Ọ̀yìnrìn ni ó pín àdúgbò àwọn amọ̀kòkò níyà kúrò lọ́dọ̀ ọjà. Afárá onípákó kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀, kò sì fẹ̀ ju ẹní àtisùn lọ. Ní ọjọ́ ọjà, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ a há mọ́ra wọn lórí rẹ̀ bí ẹ̀wà inú àpò. Ní ọjọ́ kan, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọ́ ìró Àṣàkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí. Ọmọ náà já sínú odò. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Ikú yìí mi ìlú. Wọ́n pinnu láti wó afárá àtijọ́, kí wọ́n sì kọ́ òmíràn. Wọ́n fi Olóyè Ògúnṣakin ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà, ó sì pe àdúgbò jọ kí oníkálukú lè sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní kí ó fẹ̀ tó bí kẹ̀kẹ́ méjì ṣe lè pàdé. Àwọn arúgbó ní kí ó ní ọwọ́ ìdìmú. Olóyè gbà. Ó wá fi tirẹ̀ kún un: òun yóò gbé ẹnu ọ̀nà aláràbarà kan sí apá ọjà, a ó sì gbẹ́ orúkọ òun sára ìtì igi tí yóò dábùú rẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Olóyè, ẹ jẹ́ kí n ru ìkòkò mi wá, kí káfíńtà fi wọ̀n mí."

Olóyè bú sẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, afárá ni a ń kọ́, kì í ṣe bùbá ni a ń rán. Jókòó."

Nígbà tí a kọ́ ọ tán, Olóyè dúró lábẹ́ ìtì igi náà pẹ̀lú fìlà lórí. Ó ku àtẹ́lẹwọ́ kan kí fìlà tó kàn án. "Ó tó," ni ó wí.

Ní ọjọ́ tí a ṣí afárá náà, àwọn amọ̀kòkò ni ó ṣáájú. Àwẹ̀ró to ìkòkò mẹ́ta lé ara wọn lórí òṣùká, gbogbo èrò sì tẹ̀ lé e. Bọ́látitó, ọmọbìnrin Olóyè, ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé ẹnu ọ̀nà apá ọjà, ó rí i pé ìkòkò òkè yóò kan ìtì igi náà, ó sì dúró gbọnin.

"Kí ni o dúró fún?" ni Olóyè kígbe láti òdìkejì ẹnu ọ̀nà náà. "Bẹ̀rẹ̀, kí o kọjá!"

"Olóyè, ta ni ó ru ìkòkò tí ó lè bẹ̀rẹ̀? Ẹ wá bá mi sọ ẹrù!"

Ènìyàn méjì ni ó gbé e rù ú. Ènìyàn méjì náà ni ó yẹ kí ó sọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àyè kò sí. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

"Ìyá oníkòkò, ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?" ni oníkẹ̀kẹ́ kan ń pariwo, tí ó ń lu agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Àbí pákó ni ẹ ń kà?"

Èrò rọ́ síwájú. Igbe sọ. Wọ́n ti Bọ́látitó gba orí ọwọ́ ìdìmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jù lókè odò. Àwẹ̀ró, tí ìkòkò kò bọ́ lórí rẹ̀ rí láti ogún ọdún, jọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìró ọmọ náà mú.

Ìkòkò fọ́ yángá. Agogo kẹ̀kẹ́ dákẹ́. Fìlà bọ́ lórí Olóyè, kò sì mọ̀. Àwẹ̀ró fa ọmọ náà gòkè, ó sì fi í lé Olóyè lọ́wọ́.

"Ọmọ kan tó fún odò yìí, Olóyè," ni ó wí.

Olóyè gba àáké lọ́wọ́ káfíńtà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gé ìtì igi náà lulẹ̀. Ó wólẹ̀ láàárín àfọ́kù, ó bi Àwẹ̀ró ní ohun tí yóò gbà.

"Ìtì igi yẹn," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìkòkò mẹ́ta ni mo jẹ ọjà ní gbèsè, n kò ní igi tí n ó fi sun òmíràn."

Ó fi í dáná. Orúkọ Olóyè ni ó jó kẹ́yìn.

Láti ìgbà náà, wọn kì í kan ìṣó kan mọ́ afárá náà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé ìkòkò mẹ́ta ru Àwẹ̀ró kí ó rìn ín já. Nígbà tí ó kú, wọ́n ń gbé ìkòkò náà ru amọ̀kòkò mìíràn. Nítorí náà, ìwọ tí a fi iṣẹ́ ìlú lé lọ́wọ́, má ṣe fi fìlà rẹ wọn ọ̀nà ẹni tí ó rẹrù. Bi Àwẹ̀ró kí o tó wọn afárá.