Okùn Kan Náà, Oko Méjì

Àlọ́ o.

Háà, ṣé ohùn tí ẹ fi ń dáhùn nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo iyán tí ẹ jẹ? Mo ní, àlọ́ o.

Ẹn-ẹ́n, mo ti gbọ́ yín wàyí. Okùn kan náà ló yí oko méjì ká. Ọ̀kan gba iṣu, èkejì gba ẹ̀rín. Ta ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó ré odò kọjá láìrẹsẹ̀, ó lọ jókòó ti Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Mákanjúọlá, sún mọ́ ibí, kí o sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní mi.

Ní ọdún kan, ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Nígbà tí òjò padà dé, wọ́n rí ilẹ̀ tuntun kan létí odò, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ. Kí ìjà má bàa wà, Erin tó jẹ́ olórí wọn ní kí wọ́n lọ́ okùn fún oníkálukú, kí gígùn gbogbo okùn náà sì dọ́gba.

"Ohun tí okùn rẹ bá yí ká, oko rẹ nìyẹn," ni Erin wí. "Bí a bá sì ti gbin pèrègún sí ààlà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Kí Ìjàpá tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Baálé mi, ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe aláriwo. Lésìí, omi gbígbóná la fi ṣọdún. Bí àká wa bá tún ṣófo lọ́dún yìí, ilé bàbá mi kò jìnnà."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Bí Yánníbo bá lọ, ta ni yóò máa sè fún un? Ta ni yóò máa bá a ṣe àríyànjiyàn títí oorun yóò fi gbé e lọ?

Ó dé orí ilẹ̀, ọ̀lẹ kò jẹ́ kó lè fa okùn. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní kí Ọ̀bọ bá òun fi okùn náà yí òun ká. Ọ̀bọ yí i ká róbótó, ó so ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbín ní tirẹ̀, ẹ ṣáà mọ ìrìn Ìgbín, kó tó dé, wọ́n ti pín ilẹ̀ tán. Kò ku nǹkan kan fún un àfi àlàfo tóóró tó wà láàárín oko Ọ̀yà àti oko Òkété. Ó na okùn rẹ̀ láti etí odò títí dé ìdí ọ̀pẹ, ó sì nà án padà wá.

Ìjàpá wá ń yẹ oko wò. Ó rin tirẹ̀ já. Kó tó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé òdìkejì. Ó rin ti Ìgbín. Ó rìn, ó làágùn, ó jókòó sinmi, ó tún rìn. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ní, "Oko tí kò rẹ èèyàn kó tó rìn ín já, ṣé oko nìyẹn?"

Ó bá yọ́ lọ bá Ìgbín.

"Ìyá Ìgbín, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣeun, ọkọ Yánníbo."

"Àánú yín ló ń ṣe mí. Ọ̀nà jíjìn báyìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ wo? Mi ò lẹ́sẹ̀."

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn. Kí ẹ tó ti odò dé ìdí ọ̀pẹ, iṣu yóò ti hù, yóò ti ta, yóò ti rà. Oko tèmi, róbótó báyìí ni. Ẹ jókòó sáàárín, ẹ ó máa rí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀."

Ìgbín na ìwo ojú rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ìrù. "Ìjàpá, kí ló fa oore?"

"Ìyàwó mi ló ní kí n máa ṣe rere."

"Bá mi kí i," ni Ìgbín wí. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ọmọ rẹ̀ pọ̀, wọn kò sì lè rin ọ̀nà jíjìn. Lójú Erin ni wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ náà, wọ́n sì gbin pèrègún yí oko méjèèjì ká. Ìjàpá ń forin lọ sílé. Ẹ bá mi gbe orin náà, "gbọọrọ" ni tiyín:

Oko mi kúrò létí odò,
Gbọọrọ.
Ó gùn, ó gùn, ó dédìí ọ̀pẹ,
Gbọọrọ.
Ọ̀yà ń wò, Òkété ń wò,
Gbọọrọ.
Àká Yánníbo yóò kún,
Gbọọrọ, gbọọrọ.

Ìgbà tó ń kọ ebè ni ojú rẹ̀ bá là. Ebè kan ṣoṣo ló gba ibú oko náà já, láti pèrègún Ọ̀yà dé pèrègún Òkété. Èkejì tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kẹta tò sẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ rodò. Kò sí ibi tí méjì lè dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó yọjú wo oko Ìgbín. Ebè níwájú, ebè lẹ́yìn, ebè lọ́tùn-ún lósì. Ó kà á, ó tún un kà. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, ti Ìgbín jẹ́ mẹ́rin, ó sì tún lé.

Ó sáré tọ Erin lọ, Yánníbo tẹ̀lé e. "Bàbá, olè ni Ìgbín. Ó ti fa okùn rẹ̀ gùn sí i."

Erin ní kí wọ́n tú okùn méjèèjì wá. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orí ṣe déédéé, ìdí ṣe déédéé.

Erin bi í pé, "Okùn tó wà lóko Ìgbín yìí, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta wá lò ń pè lólè?"

Yánníbo bá tú ọ̀já rẹ̀, ó lọ́ ọ bí okùn, ó so orí mọ́ ìdí, ó fi í lélẹ̀ róbótó. Ó da ẹ̀pà tó mú dání sínú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ̀pà wọlé tán, àyè sì ṣẹ́ kù. Ó wá fa ọ̀já náà gùn títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ẹ̀pà yí dànù sílẹ̀ fàràrà.

"Ọ̀já kan náà ni o, baálé mi," ni ó wí. "Gígùn nìkan lo wò. O ò bèèrè ìbú."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ojú ti Ìjàpá, ó sá lọ sí oko rẹ̀. Ó rìn dé àárín, ó fẹ́ yí padà. Láyé ìgbà náà, igbá ẹ̀yìn Ìjàpá ṣì gùn bí ọkọ̀ apẹja. Orí rẹ̀ kan pèrègún níhìn-ín, ìdí rẹ̀ kan pèrègún lọ́hùn-ún.

Ọ̀yà na ọrùn láti oko rẹ̀. "Rọra o, aládùúgbò. O ò gbọdọ̀ hú u."

"Mi ò hú nǹkan kan."

Ó yí, ó há. Ó tún yí, igbá ń ha igi, iwájú ń fá, ẹ̀yìn ń fá, títí ó fi yí tán. Nígbà tó jáde, ó ti rí róbótó bí àkàrà.

Yánníbo rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀.

"Ṣé o ń lọ sílé bàbá rẹ?" ni Ìjàpá fi ohùn kékeré bi í.

"Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkọ róbótó, kí n wá máa lọ? Gbé ọkọ́. Ìyá Ìgbín ní oko òun ju agbára òun lọ, kí á wá bá òun ṣe é, kí á jọ pín in."

Wọ́n bá a ṣe é. Nígbà tí iṣu ta, àká Ìgbín kún, ti Yánníbo náà kún, Yánníbo kò sì dárúkọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí tíṣà bá ya oko sójú pátákó tó ní kí ẹ sọ èyí tó tóbi, ẹ má fi gígùn nìkan dáhùn. Ẹ wá ìbú rẹ̀ kàn.

Ibi tí okùn àlọ́ mi gùn mọ nìyí. Bí mo bá fi irọ́ lọ́ ọ, kí ẹ̀pà tí mo yan má dùn lẹ́nu mi. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ na ọwọ́ kí n bù fún yín. Ìdí nìyí tí igbá ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí róbótó títí di òní. Ọrùn rẹ̀ nìkan ló ṣì gùn, ìyẹn náà, bí ó bá ti rí èèyàn, ìtìjú oko gbọọrọ á mú un, á yára fà á wọlé.