Abógunrìn àti Àdó Iyọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó ń jẹ àgbàdo yẹn, ta ni yóò bá wa gbe orin bí ẹnu rẹ bá kún? Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé Àjàpá, kò bà lé ìjímèrè. Orí Abógunrìn ọmọ ogun ló bà lé.

Ogun kan jà láyé àtijọ́. Abógunrìn lọ, Ọdẹ́jìnmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lọ. Àwo kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Ọfà ba Ọdẹ́jìnmí. Kó tó kú, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Abógunrìn, má fi mí sílẹ̀ síhìn-ín. Gbé mi lọ fún ìyá mi."

"Màá gbé ọ délé, ọ̀rẹ́ mi."

Ẹni tó bá kú sógun, ọ̀nà jìn, a kì í lè gbé òkú rẹ̀ wálé. Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wá, wọn a sì sin ín bí ẹni sin odindi èèyàn. Abógunrìn gé ti Ọdẹ́jìnmí, ó kó o sínú àdó, ó gbé e kọ́rùn.

Ogun tú. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, wọ́n rí ẹrù iyọ̀ tí ọ̀tá jù sílẹ̀ létí odò. Iyọ̀! Ohun tí ẹlòmíràn ò rí tọ́ wò láti ọdún dé ọdún! Abógunrìn bù kún àpò, ó bù kún fìlà, kò tó o. Ó wo àdó ọrùn rẹ̀.

"Irun lásán ṣá ni."

Ó da irun ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú koríko, ó rọ iyọ̀ sínú àdó. Ojúkòkòrò, o ò ṣeun!

Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ̀lú ló rántí ìyá olókùú. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé irun orí ara rẹ̀, ó gé èékánná ara rẹ̀, ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun.

"Ta ni yóò mọ̀?"

Ìyá Ọdẹ́jìnmí gba ìdì náà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, wọ́n sin ín. Ẹkún Abógunrìn ló ròkè jù. Ṣùgbọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe bo ìdì náà tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta ló gbé e wá. Kò sẹ́ni tó rántí. Abógunrìn sì dúró láàárín wọn, kò sí ojú tó rí i!

Ó sáré lọ sílé. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé, ó ń se ọbẹ̀.

"Àṣàbí, mo dé o!"

Àṣàbí ò gbójú sókè. Àwẹ̀ró ọmọ wọn obìnrin kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara ọmọ náà gbọ̀n rìrì.

"Ìyá mi, atẹ́gùn tútù kan wọlé."

"Ti ilẹ̀kùn, ọmọ mi. Bóyá bàbá rẹ á dé lọ́la."

Abógunrìn ké, ké, ké. Ó ki iyọ̀ sẹ́nu, kò dùn. Bí eérú ló rí. Ẹ̀rù bà á.

Ebi lé e jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá Ọdẹ́jìnmí gbé ẹ̀kuru sórí sàréè ọmọ rẹ̀. Abógunrìn bù ú jẹ. Áà! Èyí dùn. Ibẹ̀ ló wà tí ohùn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ gbè é!

Abógunrìn ọ̀rẹ́ mi o,
*Ẹ̀yìn odò.*
Irun orí mi dà o?
*Ẹ̀yìn odò.*
Èékánná mi dà o?
*Ẹ̀yìn odò.*
Ta lo sin sílé mi o?
*Ẹ̀yìn odò.*

Ìyá náà yọjú. "Ọdẹ́jìnmí, ṣé ìwọ lò ń jẹun?"

"Ìyá, èmi Abógunrìn ni."

Ẹni tó ń retí òkú ló ń gbọ́ ohùn òkú. Ìyá gbọ́ ọ. Abógunrìn fi ẹkún ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá fọwọ́ lé sàréè náà.

"Ọmọ mi wà nínú koríko, ìwọ sì wà nínú ilẹ̀ mi. Mo lè fi ọ́ síbẹ̀."

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi!"

"Àwẹ̀ró ń dúró dè ọ́ lójú ọ̀nà, bí mo ṣe dúró de tèmi. Nítorí rẹ̀ ni. Lọ gbé ọmọ mi wá."

Ó lọ. Orin náà ń lọ níwájú rẹ̀. Ẹ gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i!

Irun orí mi dà o?
*Ẹ̀yìn odò.*

Létí odò, orin dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹyẹ ẹ̀gà ti fi irun Ọdẹ́jìnmí hun ìtẹ́. Abógunrìn da iyọ̀ nù pátápátá. Ó tú irun náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi eékún wá èékánná nínú koríko, ó kó wọn sínú àdó, ó gbé e délé.

Òun àti ìyá Ọdẹ́jìnmí hú ìdì funfun jáde. Yéè! Irun inú rẹ̀ ti hù nínú ilẹ̀, ó gùn gbọọrọ, ó funfun bí òwú. Wọ́n sin Ọdẹ́jìnmí sípò rẹ̀. Abógunrìn fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ewú ló bá níbẹ̀.

Ó forí lé ilé. Àwẹ̀ró wà lójú ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i. Ó tẹjú mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ló kígbe:

"Ìyá mi, ẹ wá o! Bàbá arúgbó kan dé, ojú rẹ̀ jọ ti bàbá mi!"

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má ṣe ojúkòkòrò, kí á sì mú ìlérí wa ṣẹ, pàápàá èyí tí a ṣe fún ẹni tí kò lè padà wá bi wá. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ.