Ògúnsínà àti Léètì tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Lọ́

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá sùn, ẹ bá mi fi omi tútù kán an létí."

"A ò sùn, Ìyá Àgbà!"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan náà, alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń jẹ́ Ògúnsínà. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ kò kún ṣíbí.

Ògúnsínà ra léètì, ẹ̀rọ tó máa ń yí irin bírí-bírí, tí ọ̀bẹ rẹ̀ á sì máa fá irin náà bí ẹni ń bó iṣu. Ó gbé e sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹsẹ̀ mẹ́ta kanlẹ̀, ẹ̀kẹrin wà lókè.

Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹsẹ̀ kan ò kanlẹ̀ o."

"Yóò kanlẹ̀ tipátipá!" Ó mú sípánà, ó fi nọ́ọ̀tì de ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ké kíìn!

"Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ń sunkún."

"Ẹ̀rín ló ń rín."

"Ìyá Àgbà, ṣé irin ń rẹ́rìn-ín?"

"Ògúnsínà ni kí ẹ bi."

Kò pẹ́, ọ̀pá àárín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ìlú kán. Erin ló ni ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀gẹ́ gbogbo ìlú wà nínú agbọ̀n, ó ti ń rùn. Erin gbé irin méjì wá.

"Ògúnsínà, ìwọ̀nyí nìkan ló kù nílùú. Fá ọ̀pá tuntun fún mi. Ebi ń bọ̀."

Ògúnsínà fá àkọ́kọ́ wàrà-wàrà. Ìbídùn ní orí ọ̀pá náà sanra ju ìdí rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ní ojú ló ń tàn án.

Erin fi ọ̀pá náà sínú ẹ̀rọ, ó tan án. Háà! Ẹ̀rọ fò! Ó fò jáde ní ṣọ́ọ̀bù Erin, ó bọ́ sójú títì, ó ń lé adìẹ, ó ń lé àgbà, ó ń lé ọmọdé. Erin ń sá tẹ̀lé e, ó ń kọrin. Ẹ gbè é!

*Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, dúró dè mí,*
"Gbìràgbìrà!"
*Ta ló fá ọ̀pá inú rẹ?*
"Gbìràgbìrà!"
*Orí rẹ̀ sanra, ìdí rẹ̀ rù,*
"Gbìràgbìrà!"

Àfìgbà tí epo inú rẹ̀ tán létí odò ló tó dúró.

Erin gbé e padà, ó tọ Ògúnsínà wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Irin kan ló kù. Bí ìyẹn bá tún bàjẹ́, ìwọ ni màá so mọ́ ẹ̀rọ. Ìwọ ni wàá máa yí i!"

Jìnnìjìnnì bo Ògúnsínà. Ó bú irin, ó bú ọ̀bẹ, ó bú ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un. Ìbídùn bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e lé ẹ̀yìn léètì lápá òsì. Omi tẹ̀ sí ògiri. Ó gbé e sápá ọ̀tún. Omi tẹ̀ sí ilẹ̀kùn.

Ògúnsínà lanu. "Yéè! Ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún! Abájọ tí orí ọ̀pá fi sanra!"

"Ta ló fún un?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni, Ìbídùn."

Ó tú gbogbo nọ́ọ̀tì. Ó ki páànù pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó wà lókè, ó dè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wo omi. Kò tó. Ó tún fi kún un. Ó pọ̀jù. Ó yọ díẹ̀. Bí omi ṣe fẹ́ dọ́gba báyìí, Òbúkọ na ọrùn wọlé láti ojú fèrèsé, fùrú! Ó fà á mu.

"Òbúkọ!"

"Ẹ má bínú. Omi tó bá dúró jẹ́ẹ́ báyìí a máa dùn."

Wọ́n tún bu òmíràn. Ó tún mu ún! Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi ìṣin, wọ́n bu omi mìíràn.

Ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbì! Gbì! Erin ló ń bọ̀. Ògúnsínà kígbe:

"Bàbá Erin, ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má mira!"

Erin dúró lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan lókè. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò gbọdọ̀ sín.

"Ṣé kí n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀?"

"Ó tì o!"

Lápá òsì, omi dọ́gba. Lápá ọ̀tún, omi dọ́gba. Ògúnsínà fá irin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mú kálípà tó fi ń wọn sísanra irin, ó wọn orí, ó wọn ìdí. Ọgbọọgba ni! Ó gbé e fún Ìbídùn. "Bá mi wò ó." Ìbídùn wò ó títí, ó ní, "Ẹ pe Erin kó wá gbà á."

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Erin ti kú. Bó ṣe ní kóun gbésẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, gbìì! Ilé mì.

"Yéè! Ìyá Àgbà, ẹ̀rọ ti tún lọ́!"

"Ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ Ìbídùn. Ògúnsínà kò bínú, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó rọra bu omi sáwo, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹsẹ̀ léètì ṣe."

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ Erin lọ ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò fò, kò ta. Gbogbo ìlú yan gaàrí, wọ́n jẹun yó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ipá kì í tún ohun tó wọ́ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun gún, kó kọ́kọ́ fi sùúrù tún ìdí rẹ̀ ṣe.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí agogo ẹnu mi dún: kó! kó! kó!