Ọjọ́ tí Yógà Dé Iwájú Olóyè Adégoróyè
Olóyè Adégoróyè, alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ìjọba wa, ló ní ìbọ̀rìṣà ni yógà, eré ìdárayá tó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, torí pé àwọn ọmọ máa ń dojú bolẹ̀ níbẹ̀. Níwájú gbogbo òbí, nínú ìpàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ló ti sọ fún Tíṣà Ìbídùn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yógà pé, "Fi hàn mí báyìí pé èèyàn lè dojú bolẹ̀ láìsin nǹkan kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ lónìí." Tíṣà jáde lọ pe àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí wọn létí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n nàró ṣánṣán síwájú Olóyè, wọ́n ní, "Ẹ káàsán, sà." Ẹnì kankan ò dọ̀bálẹ̀. Olóyè fọwọ́ lu tábìlì: "Ẹ̀yin ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ṣé ẹgbẹ́ yín ni mí?" "Ẹ má bínú, Bàbá," ni Tíṣà wí, "èmi ni mo ní kí wọ́n má dojú bolẹ̀, kí wọ́n má baà sọ yín dòrìṣà." "Òrìṣà kẹ̀! Ìkíni lásán nìyẹn, ta ló ń sìn mí?" Tíṣà kúnlẹ̀: "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ti bá mi dáhùn." Lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Olóyè, wọ́n sì ń gbé àyà sókè díẹ̀díẹ̀, bí Tíṣà ṣe kọ́ wọn nínú yógà.